Ọ̀dùnkún Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbìn ní Ìsọlọ̀

Ẹ gbé àwo yẹn súnmọ́ mi kí n wo ohun tí ẹ ń jẹ. Ọ̀dùnkún díndín. Ta ló tà á fún yín? Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Níbo ló ti ra ọ̀dùnkún ọ̀hún? Ẹ ò mọ̀. Òróró wo ló fi dín in? Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kàn ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀ ni, wọ́n á fi nǹkan sínú náílọ́ọ̀nù fún yín, ẹ ó sì máa jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tiwa, èèyàn lè mọ ẹni tó gbìn ín, kó mọ ẹni tó wà á, kó mọ ẹni tó sè é, kí ẹ̀rù ṣì máa bà á láti fi í sẹ́nu. Ẹ jókòó dáadáa. Mo fẹ́ sọ ti ìyá ọkọ mi fún yín, àti ti ọ̀dùnkún tó gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsọlọ̀ ní ọdún tí mo lóyún bàbá yín.

Ìsọlọ̀ tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ o. Láti ẹnu ọ̀nà wa, ojú wa máa ń rí igbó. Apá ibi tí wọ́n ń pè ní Àjàó Estate lónìí, koríko ṣì ga níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Àkùkọ ló ń kọ́kọ́ jí wa láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, Bàbá Onílé á pe ìrun. Lẹ́yìn ìyẹn, fèrè iléeṣẹ́ ìhunṣọ á dún láti apá Aswani, ẹ ó sì máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lójú títì, gìrì gìrì gìrì. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń bọ̀ wá balẹ̀, ó máa ń súnmọ́ òrùlé débi pé páànù á máa gbọ̀n. A ó dá ọ̀rọ̀ ẹnu wa dúró. Tó bá kọjá tán, a ó tún gbé e láti ibi tí a bá a dé.

Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ní kí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, owó tí à ń ná náà sì ti di náírà. Ẹni tí kò ní rédíò lánàá, ẹ ó rí i tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé lónìí, tí ọmọ méjì ń bá a dì í mú. A ó kí i kú oríire, a ó sì wọlé lọ máa bi ara wa léèrè ibi tó ti rówó. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tí owó ẹnì kejì gbà wọlé. Wọ́n wá ń sọ pé gbọ́mọgbọ́mọ wà nígboro, pé àwọn kan ń jí ọmọ gbé lọ fi ṣe owó. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ohun tí àwọn yòókù kò ṣe, a ti fura sí i nìyẹn.

Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi Àlàní, bàbá àgbà yín, ń gbé nínú ilé náà. Pápákọ̀ òfurufú ló ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń gbé ẹrù àwọn èrò. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni Bàbá Onílé, mùsùlùmí tí kì í gbé ohùn sókè. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Ìyá Rísí ń gbé, ó ń ta aṣọ; ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Rísí, tí kò tíì tó ẹni tó ń lọ ilé ìwé. Awakọ̀ tírélà kan, Bàbá Lékan, ló wà ní yàrá ìparí. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni.

Ìgbà tí oyún mi ti hàn ni ìyá ọkọ mi dé láti abúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn, kó lè wẹ ọmọ fún mi bí mo bá bí i tán. Àgò adìyẹ kan ló gbé bọ́ọ́lẹ̀, pẹ̀lú ọkọ́ tí èékù rẹ̀ ti ń dán, àti ìdì kan tó fi aṣọ tútù wé. Mo ní kí n gba ìdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn.

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi, Ìyàwó."

Ìyá Rísí dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo ìdì yẹn. Ìtàkùn ọ̀dùnkún lásán ló wà níbẹ̀. Ànàmọ́ ni Màmá máa ń pè é, àwọn kan nínú ilé wa ń pè é ní kúkúǹdùkú, ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Rísí kò rí i nígbà tí Màmá tú u.

Mo se ìrẹsì fún Màmá lọ́jọ́ náà, mo fi sadíìnì sí ọbẹ̀ rẹ̀, torí oúnjẹ àlejò nìyẹn. Ó wo àwo náà títí.

"Ta ló gbin èyí?"

"Màmá, inú àpò la ti wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá."

"Mo gbọ́. Ta ló gbìn ín?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ti àwo náà sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ẹ máa jẹ ẹ́. Èmi ò mọ ẹni tó gbìn ín." Gààrí tó gbé wá láti ilé ló rẹ mu. Ẹ rí i pé òun náà ti mú ìfura tirẹ̀ bọ̀ láti ilé.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí Bàbá Onílé fẹ́ kọ́ yàrá sí, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ṣọ̀wọ́n. Ààtàn ni ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀. Màmá lọ tọrọ rẹ̀. "Ẹ lò ó, Ìyá Àlàní," ni Bàbá Onílé wí, "títí màá fi rí sìmẹ́ǹtì." Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, Màmá kọ ebè. Tí mo bá jí, ìró ọkọ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn fèrèsé, kùù, kùù, kí oòrùn tó yọ. Ó gé ìtàkùn náà sí gígùn apá ọmọdé, ó ri àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kí orí àti ìdí rẹ̀ yọ síta. Kò pẹ́ tí ewé fi bo gbogbo ebè. Màmá á máa ká ìtàkùn náà sókè, á yí i padà, kó má baà ta gbòǹgbò kiri, kí ọ̀dùnkún má baà kéré.

Iṣẹ́ oko tí gbogbo wa bá lọ́wọ́ òbí wa nìyẹn, ṣùgbọ́n ní Ìsọlọ̀ ìgbà náà, ó ti di ohun àjèjì. Ìrẹsì kún ọjà, búrẹ́dì kún orí àtẹ, kí ni obìnrin àgbà kan ń wá lórí ebè ní ìdájí? Ó tún ń bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n má da eérú nù, kí wọ́n máa kó o fún òun. Ó ń kígbe mọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá ìtàkùn rẹ̀ kọjá. Ó so àkísà mọ́ igi káàkiri nítorí adìyẹ. Àti nígbà mìíràn, tó bá ti ọjà Òṣòdì dé, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà pẹ̀lú nǹkan kan lábẹ́ ìborùn, á gbẹ́ ilẹ̀ láàárín ebè, á bò ó mọ́lẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Rísí bá mi nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyàwó, kí ni ìyá ọkọ rẹ ń fi eérú mi ṣe? Ààrò tí mo fi ń se oúnjẹ ọmọ mi ni wọ́n ti ń kó o o."

"Wọ́n ń dà á sí ìdí ọ̀dùnkún ni, Àǹtí."

"Ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo ikùn mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Oyún wà nínú rẹ. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ṣáà máa la ojú rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ rò ó wò, mi ò mọ obìnrin yìí. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni mo ti rí i rí. Láti ìgbà náà, tó bá gbé àgbo fún mi, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá fọwọ́ kan ikùn mi, ara mi á le. Mo fi ìgboyà bi í lọ́jọ́ kan.

"Màmá, kí lẹ máa ń bò mọ́lẹ̀?"

"Oúnjẹ ilẹ̀ ni," ló dá mi lóhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ilẹ̀! Ẹ̀rù tún wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kí n jẹ́ kí ìyá òun gbin nǹkan rẹ̀ ní àlàáfíà. Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán lára ebè. Tí ọ̀dùnkún bá ń tóbi nísàlẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó Bàbá Lékan dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìka han ibi tó sán, ó ní, "Ẹ wò ó, ilẹ̀ yìí ń mí." Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ kó ṣeré débẹ̀ mọ́.

Ẹ ò bá ìgbà tí ọkọ̀ apolówó ọjà máa ń wọ àdúgbò. Bọ́ọ̀sì ńlá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀, orin á máa dún, wọ́n á máa ju súùtì àti bébà aláwọ̀ mèremère sílẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa sáré tẹ̀ lé e. Ọ̀kan wọ àdúgbò wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Nígbà tó lọ tán tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá Rísí pe ọmọ rẹ̀. Kò gbọ́ ohùn. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi yí padà.

A wá a nínú gbogbo yàrá, a wá a nídìí kànga àwọn aládùúgbò, a wá a dé ojú títì. Oòrùn ti ń gun òkè. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀yìnkùlé. Mo kàn rí i pé ojú gbogbo èèyàn ti yí síbẹ̀. Bàbá Lékan ló wá la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ àwọn ebè yẹn."

"Téṣàn ọlọ́pàá ló yẹ ká lọ," ni Bàbá Onílé wí.

Ìyá Rísí kúnlẹ̀ fún un, ó di aṣọ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó." Bàbá Onílé wo obìnrin náà, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Màmá wà láàárín oko rẹ̀, ó ń yí ìtàkùn padà, nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ó dìde dúró.

"Kí lẹ ń wá?"

"Ọmọ," ni Bàbá Lékan dáhùn.

"Ọmọ wo ló wọ inú ebè?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú ebè náà. Mo rí ìtàkùn tó ń já, mo rí ọ̀dùnkún tí kò tíì gbó, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ń yí gbirigbiri, tí oje funfun ń jáde lára rẹ̀. Màmá kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò fẹ́ gbàgbé.

Ọkọ́ Bàbá Lékan bá gbé aṣọ kan jáde. Ìdì kan ni, ó dúdú, ó rin, òórùn rẹ̀ sì gba afẹ́fẹ́. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn. Ìyá Rísí figbe ta, ó ṣubú lulẹ̀, àwọn obìnrin dì í mú. Bàbá Lékan yíjú sí mi.

"Ìyàwó! Ìwọ lò ń bá wọn gbé. Kí ló wà nínú ìyẹn?"

Ọkàn mi ń lù débi pé mo rò pé ọmọ inú mi ń gbọ́ ọ. Mo wo Màmá. Kò wojú mi. Mo rìn gba àárín wọn kọjá, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mi ò rí inú rẹ̀ rí," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u fúnra wọn."

Màmá kúnlẹ̀, ó tú aṣọ náà. Eṣinṣin gbéra. Orí ẹja ni, pẹ̀lú ìfun ẹja àti egungun rẹ̀, wọ́n ti jẹrà pọ̀.

"Ẹlẹ́ja kan ní ọjà Òṣòdì ló ń kó o fún mi," ni Màmá wí. "Mo fi aṣọ wé e kí ajá má baà hú u. Mi ò mọ̀ pé èèyàn máa hú u."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè pa ẹnu dé. Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n Bàbá Lékan tún gbé ọkọ́ rẹ̀. "Ọ̀kan nìyẹn," ló wí. "Àwọn yòókù ńkọ́?" Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ mi fi yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, tí Rísí jókòó sí èjìká rẹ̀. Epo àkàrà wà lẹ́nu ọmọ náà. Ọkọ̀ apolówó ọjà ló tẹ̀ lé dé Òṣòdì; obìnrin alákàrà kan nítòsí ojú irin rí i tó ń sunkún, ó fà á mọ́ra, ó ń fún un ní àkàrà, ó sì ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá bóyá wọ́n mọ ilé rẹ̀. Ọkọ mi ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ló bá rí i.

"Màmá mi," ni Rísí wí látòkè, "mo rí reluwé."

Ìyá rẹ̀ já a gbà, ó ń gbá a mọ́ra, ó ń nà án, ó tún ń gbá a mọ́ra. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Ó wo ọkọ́ ọwọ́ wọn.

"Kí lẹ ń ṣe sí oko ìyá mi?"

Bàbá Onílé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tàgbàtàgbà fún Màmá lórí ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Màmá gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi kó ìtàkùn yẹn sí ìbòòji, kí oòrùn má pa á."

Nígbà tí Bàbá Lékan fẹ́ yọ́ lọ, ó pè é padà. "Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ ti hú u. Ẹ bá mi dá a padà síbẹ̀." Àwọn ọkùnrin náà tún ebè kọ títí di ìrọ̀lẹ́, ó dúró tì wọ́n, ó ń fi ìka hàn wọ́n bí wọ́n á ṣe ri ìtàkùn.

Gbogbo ilé ní ó ti tán. Màmá náà ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun ló wá ń fura sí wa. Kò gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà mọ́. Nígbà Iléyá, Bàbá Onílé gbé ẹran ránṣẹ́. Ó dúpẹ́, kò fẹnu kàn án, ọkọ mi ló jẹ ẹ́. Nígbà tí mo bí bàbá yín, òun fúnra rẹ̀ ló ń pọn omi tó fi ń wẹ̀ ẹ́, kò sì sí aládùúgbò tó gbé ọmọ náà láìjẹ́ pé Màmá dúró tì í. Èmi tí mò ń gbóòórùn àgbo tẹ́lẹ̀, mo ti ń mu ún láìwo inú ife. Mo wá rí i pé òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó fún mi.

Òjò ṣe dáadáa lọ́dún náà, ọ̀dùnkún ọ̀hún sì yè. Ìgbà tí Màmá wà á, Ọlọ́run ló mọ ohun tí orí ẹja ṣe sí ilẹ̀ yẹn. Ó pupa, ó tóbi, ọwọ́ méjì ni à ń fi gbé òmíràn. Ó tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ara rẹ̀ rọ̀, kó lè dùn sí i. Ó wá kó o sínú agbọ̀n, ó sì lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ó ń fún olúkúlùkù ní tútù. Ìyá Rísí dá iná lójú ẹsẹ̀, ó sun tirẹ̀ sínú eérú, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, ó ń jẹ ẹ́ gbígbóná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fún Rísí náà jẹ. Àwọn yòókù dúpẹ́ gan-an, wọ́n ní àwọn máa sè é tó bá yá.

Ẹ ò lè rí ilẹ̀ yẹn mọ́. Ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí, kọnkéré dé ojú gọ́tà. Ọ̀dùnkún tó bá wọ àdúgbò, láti orí ọkọ̀ ẹrù ni, títí dé ẹ̀bá ọ̀nà Apakun, ẹ kì í sì í bi í léèrè ibi tó ti wá. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló dára, mi ò mọ̀.

Ohun kan ṣì kù. Òjò ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀, bàbá yín ti ń rá kòrò, Màmá sì ti ń múra àtilọ sílé. Èmi àti òun lọ da ìdọ̀tí sí ààtàn tuntun tó wà ní ìparí àdúgbò. Ibẹ̀ la ti rí ìtàkùn tó bo ẹ̀gbẹ́ kan ààtàn náà, ewé rẹ̀ là bí ìka ọwọ́, iṣan rẹ̀ pupa. Yàtọ̀ sí Màmá, kò sí ẹlòmíràn tó gbin irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìtàkùn náà sókè. Ọ̀dùnkún ńlá kan wà nísàlẹ̀, ó ti jẹrà dé ìdajì, ibi tí kò jẹrà ló ti hù. Ó wo apá kejì, òmíràn tún wà níbẹ̀. Òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn.

Ó dìde, ó wo ọ̀nà ilé wa.

"Ìyàwó, ìwọ lò ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ń rí ohun tí kálukú ń gbé jáde. O mọ àwọn tó wá dà á síbí."

Mo mọ̀ wọ́n. Mo la ẹnu láti dárúkọ wọn, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má sọ fún mi. Mo ṣì fẹ́ máa kí gbogbo wọn."

A padà sílé. Ó ṣáájú mi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rọra ń rìn, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú ilé o," ni mò ń gbọ́ tó ń wí. "Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ilé o."